Ẹ̀dà Kejì Ìwé Amọ̀

Ọ̀gá ilé-ìkàwé yunifásítì ti sọ ọ́ tán: pẹpẹ tí wọn ò bá yá ìwé lórí rẹ̀ dáadáa lọ́dún yìí, wọ́n máa kó o dà nù ni. Pẹpẹ ìwé amọ̀, ìyẹn ìwé nípa ìkòkò mímọ, ló kọ́kọ́ dárúkọ. Àyà Ìyá Ìwé já. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀. Ogún ọdún ló fi ṣa àwọn ìwé yẹn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Orí bá a ṣe é, òǹkàwé méjì dojú kọ ìwé kan ṣoṣo lórí pẹpẹ náà. Bí ọkùnrin onírùngbọ̀n bá dá a padà lónìí, obìnrin onígíláàsì á ti dé lọ́la. Bí obìnrin náà bá dá a padà, onírùngbọ̀n á tún dé. Wọn kì í pàdé. Oṣù mẹ́jọ gbáko!

"Ẹ ò ní mú òmíràn wò?" Ìyá Ìwé bi obìnrin náà.

"Rárá, mà. Ṣé ó ti dá a padà?"

"Àná ló dá a padà."

Obìnrin náà ṣí i lórí kàǹtà, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó mí kanlẹ̀. Orí Ìyá Ìwé wú. Ìwádìí mà le o!

Àléébù kan ni wọ́n ní: wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ìyá Ìwé kì í kà á. Ó ní ẹni tó bá dúró ka ìdọ̀tí, kò ní gbálẹ̀ tán. Rọ́bà ló fi ń pa á rẹ́ títí ojú-ìwé á fi mọ́ tónítóní, kí ẹni tó kàn tó dé.

Ó gbé àkọsílẹ̀ lọ bá ọ̀gá.

"Ìgbà mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n yá ìwé kan, sà!"

"Lórí amọ̀?" Ọ̀gá họ orí. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí pẹpẹ yín wà níbẹ̀. Ẹ ra ẹ̀dà kejì."

Lọ́jọ́ tí ẹ̀dà kejì dé, Ìyá Ìwé pe àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n pàdé níwájú kàǹtà, wọ́n sì dúró gbagidi.

"Ó parí!" ni Ìyá Ìwé wí, ó na ìwé kọ̀ọ̀kan sí wọn. "Ẹ ò tún ní máa dúró de ara yín mọ́."

Obìnrin náà ò gba ìwé. Omi ti lé sí i lójú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ò gbé fóònù mi, ni mo ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fẹ́ràn jù, pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ìyá Ìbejì, èmi náà ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ṣé kí n máa bọ̀, ojú-ìwé funfun báláú ni mò ń bá," ni onírùngbọ̀n wí, Ìyá Ìwé sì rọra fa rọ́bà kúrò lórí kàǹtà, ó jókòó lé e.