Lábẹ́ Tábìlì Ọdún

Kí sárésáré náà tó fọwọ́ bo àwo rẹ̀, Màmá ti bu ìrẹsì ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí i. Sárésáré há sáàárín ògiri àti ikùn àbúrò bàbá rẹ̀. Kò ríbi sá gbà, ìdíje eré sísá sì di àárọ̀ ọ̀la.

"Màmá, mo ti yó."

"Ta ló yó? Ìwọ tó o gbẹ bí igi ìgbálẹ̀ yìí? Wo ẹ̀gbọ́n ẹ, àwo ẹ̀ ti mọ́ tónítóní!"

Ẹ̀gbọ́n yìí ni sárésáré borí nínú ìdíje yìí lọ́dún tó kọjá, tó búra pé òun ò díje mọ́. Ó rẹ́rìn-ín lódìkejì tábìlì.

"Ẹ fẹran kún un, Màmá. Ojoojúmọ́ kọ́ lọdún."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ sárésáré. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un.

Lábẹ́ tábìlì, ajá ilé ń jẹ ìrẹsì àti ẹran wọ̀mùwọ̀mù láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàtà ìsáré tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ náà.