Ẹ Bá Mi Fọ́ Ọ

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Àbígbẹ̀yìn mi ló bi wá nídìí oúnjẹ: "Màámi, àwọn tó ń dá Ẹ̀gbọ́n lóhùn nínú kọ̀ǹpútà, wọn ò mọ̀ wá rí. Kí ló dé tí wọ́n ń ràn án lọ́wọ́?" Ẹ̀gbọ́n tó ń wí yìí, àkọ́bí mi ni.

Iṣẹ́ àkọ́bí mi ni kó ya bí ètò kọ̀ǹpútà ńlá ṣe máa dúró, bí ẹni ya àwòrán ilé, kí àwọn yòókù tó kọ́ ọ. Àwọn oníṣẹ́ yìí ní ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àṣà wọn sì yà mí lẹ́nu. Tí èèyàn bá gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, á kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi fọ́ ọ." Làwọn àjèjì káàkiri ayé á bá bò ó, wọ́n á máa fi ìbéèrè gún un títí wọ́n á fi rí ibi tó ti lè wó. Wọn kì í gba nǹkan kan. Ilẹ̀ á ṣú lọ́dọ̀ ẹnì kan, á mọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ ò ní dáwọ́ dúró. Mo máa ń dúró lẹ́yìn àga ọmọ mi, ẹnu á yà mí bí ẹni ń wo ìràwọ̀.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́n. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi í jẹ Àgbà, tó fi láṣẹ láti yọ èèyàn kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ilé ìwòsàn kan wá gbé iṣẹ́ fún un: ètò tí dókítà á fi máa kọ oògùn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń pín in. Ó yà á, ó gbé e síbẹ̀, àmọ́ ohun tó kọ sórí rẹ̀ ni "Ẹ wá wòran."

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbéèrè kọ̀wé: "Àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ìwé oògùn ń gbà kọjá. Bó bá dí ńkọ́?"

"Ta ló ní kí ìwọ fọ́ ọ?" lọmọ mi fi dá a lóhùn. Ó pa ìbéèrè náà rẹ́, ó sì yọ ọ́ kúrò.

Mo ní, "Ọmọ mi, ìbéèrè lásán ló bi ọ́."

"Màámi, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò sọ́bẹ̀ tí ò ní sọ pé iyọ̀ rẹ̀ ò tó."

Látìgbà náà, "Ẹ kú iṣẹ́, Àgbà" nìkan ni wọ́n ń kọ sí i. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ọjọ́ tí ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò náà, èrò pọ̀, ẹnu ọ̀nà yẹn sì dí pátápátá. Dókítà ń kọ, oògùn ò jáde. Ìyá kan gbé ọmọ tí kò lè mí dáadáa mọ́ra, ó ń ké: "Oògùn ọmọ mi dà?" Àkọ́bí mi, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, dúró níwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló sáré lọ fẹnu bèèrè oògùn náà. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà.

Ọmọ mi ké sí ẹgbẹ́. Kẹ́kẹ́ pa, ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má lọ yọ àwọn náà. Ló bá wá Ìyá Ìbéèrè kàn: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣàánú mi."

Obìnrin náà ò bá a jà. "Àwọn aláìsàn ń dúró," ló kọ. "Ṣí àwòrán náà." Ó pe àwọn yòókù jọ, wọ́n sì bá a wá ọ̀nà mìíràn, títí oògùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Irú ọkàn wo nìyẹn?

Síbẹ̀, ilé ìwòsàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ sì gba oyè Àgbà. Ó wálé, ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀ bí ọmọdé, ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ.

Gbogbo ilé ti sùn báyìí. Ẹ̀yin ọmọ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má lé ẹni tó ń fi àléébù iṣẹ́ yín hàn yín. Ìyìn kì í gba aláìsàn là. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.