Àbàwọ́n Tó Wà Lábẹ́ Apá Aṣọ Ìyàwó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ wá máa dájọ́. Ibẹ̀ gan-an ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣìnà.

1.
Aránṣọ ni. Aṣọ ìgbéyàwó funfun ló ń rán, Ìyá Abẹ́rẹ́ sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá kan náà, ni wọ́n jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ń gé aṣọ, àbúrò wà nídìí maṣíìnì àti áyọ́ọ̀nù.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ní àṣà kan. Aṣọ kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí. Okùn ni wọ́n fi ń so ẹ̀yìn àwọn aṣọ náà, kò sí èyí tí kò gbà á.

Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìpara abíyá tí àwọn méjèèjì ń lò tẹ́lẹ̀, èyí tó kàn ń pa òórùn ni. Òógùn ń jáde, kò kàn rùn ni. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan rí abíyá Ìyá Abẹ́rẹ́ tó tutù, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ṣé òjò rọ̀ nínú ilé ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọnú egungun. Ó lọ ra oríṣi kejì, èyí tó ń dí òógùn.

Àbúrò ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ná."

"Kíkà kí ni? Ṣé mo fẹ́ ṣèdánwò ni?"

Láràárọ̀ ló ń fi í pa abíyá nípọn bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì, kò sì ní dúró kó gbẹ tí yóò fi wọṣọ lé e. Abíyá rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ń gbé apá sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

2.
Kò pẹ́, àbàwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ apá àwọn aṣọ funfun. Ó pupa rúsúrúsú, ó le gbagidi béèyàn bá fọwọ́ kàn án.

Ìyá Abẹ́rẹ́ rò ó lọ, rò ó bọ̀. Òógùn ló ń ba abíyá aṣọ jẹ́. Òun ò làágùn mọ́. Ta wá ni? Ó yíjú wo àbúrò rẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù, abíyá ìyẹn, tó ṣì ń lo ìpara àtijọ́, tutù rinrin.

Ó ti parí. Àbúrò ń yọ́ wọ aṣọ oníbàárà lọ sóde!

Tí àbúrò bá jáde lọ pọnmi, ẹ̀gbọ́n á gbé aṣọ símú. Tí àbúrò bá ń kọrin, á yọjú.

"Inú ẹ dùn o. Òde wo lo lọ lánàá?"

"Ilé ni mo wà."

"Aṣọ ta lo wọ̀?"

"Tèmi ni kẹ̀! Kí ló dé, Àǹtí?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ń béèrè ni."

3.
Ó wá fi òwú tín-ín-rín so ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí àbúrò ti lọ sílé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òwú náà kò já. Ó mú aṣọ kan tó mọ́ tónítóní jáde, ó wọ̀ ọ́ wò, ó bọ́ ọ kọ́. Ọ̀sán pọ́n, àbàwọ́n ti yọ.

Ẹ̀yin ti rí i, àbí? Òun ò rí i. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ yìí gbọ́n o! Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń so òwú padà."

4.
Ó gbé aṣọ náà sọ sórí tábìlì.

"Ṣàlàyé."

Àbúrò wò ó. "Àǹtí mi, ẹ má bínú o, ẹ wo abíyá tiyín. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ra ìpara yẹn ni..."

"Èmi? Ìwọ tó o tutù bí aṣọ tí wọn ò fún, ìwọ lo fẹ́ sọ pé mo ń rùn?"

"Mi ò sọ pé ẹ ń rùn."

"Olè aṣọ! Jáde fún mi."

"Ọmọ ìyá yín ni mí o."

"Ìyẹn ló ṣe ń dùn mí jù."

Àbúrò mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó lọ. Kò wẹ̀yìn.

5.
Ó wá ku Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan. Ó rán aṣọ ìyàwó kan, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́rùn. Lọ́jọ́ tí ìyàwó fẹ́ wá gbé e, ó wọ̀ ọ́ wò bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó náà dé, òun ló kọ́kọ́ rí àbàwọ́n lábẹ́ apá rẹ̀.

"Kí lèyí? Ẹ ti fi aṣọ mi ṣòde!"

"Rárá o! Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án àfi èmi..."

Ó gbé apá ara rẹ̀ sókè, ó wo abíyá rẹ̀. Ìyàwó fi aṣọ sílẹ̀ fún un. Ìròyìn tàn, àwọn oníbàárà ń yà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó gbé ìpara náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un. Ìyẹn ní, "Màmá, ìpara yìí dára. Àmọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fi, á sì gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó wọṣọ. Tí kò bá gbẹ, á lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun, á sì sọ ọ́ di pupa. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ níbí."

Ó gbọ̀nà ilé àbúrò rẹ̀ lọ. Ó bá a nídìí maṣíìnì tuntun tó ti rà fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò! Àbúrò sáré gbé e dìde, ó fún un lómi mu.

"Mo ti dárí jì yín, Àǹtí mi. Ẹ máa wá kí mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wò mí, màá máa rò pé ẹ ń wá nǹkan lára mi."

Àtìgbà náà, ọ̀tọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n, ọ̀tọ̀ ni ti àbúrò.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kìlọ̀ fún yín. Ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ ń rà: ọ̀kan ń pa òórùn, ọ̀kan ń dí òógùn. Èyí tó bá wù yín lẹ lè lò, àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Kí ẹ sì tó pe ọmọ ìyá yín lólè, ẹ bọ́ aṣọ tiyín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àbàwọ́n ara aṣọ lè ṣeé fọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá lé lọ lè má padà mọ́.