Òpó Kẹtàdínlógún ní Ọ̀nà Kpingni

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kẹfà ọdún 1977 ni Cyprien, tó ń tún wáyà ṣe, kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀rọ tuntun náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Láti Kútọnu ni wọ́n ti gbé e wá sí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè Dassa, kó máa ṣọ́ wáyà tó lọ sí àwọn abúlé. Wáyà kọ̀ọ̀kan ní gílóòbù tirẹ̀. Bí ó bá já níbìkan, gílóòbù rẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà, gbogbo gílóòbù á tàn, èèyàn kò sì ní tíì ka ení dé ẹ̀wá tí gbogbo wọn á fi kú.

“Ehuzu!” ni Nicolas, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, fi kí i, bí ìjọba tuntun ṣe ní kí gbogbo ayé máa kí ara wọn nígbà náà.

“Dándán dándán,” ni Cyprien dáhùn.

“Bàbá Désiré, ọjọ́ Ẹtì ni àwọn èèyàn ìjọba láti Kútọnu ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ mú un ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó dé, èmi fúnra mi á bi wọ́n léèrè Désiré. Wọ́n á sọ ẹ̀wọ̀n tó wà fún wa.”

Désiré kọ ìwé kan lòdì sí ìjọba ní yunifásítì. Láti oṣù mẹ́tàlá tí wọ́n ti ní ìjọba mú un, lẹ́tà kan kò dé.

“Òun ló máa ń bá yín gun òpó nígbà ìsinmi,” ni Nicolas wí.

“Gígun wo? Ìda oyin ni mo ní kó máa bá mi mú dání, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù.”

Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù a máa fi téépù dúdú wé ojú wáyà tí wọ́n bá so. Cyprien kì í lo téépù. Á lọ́ wáyà lẹ́ẹ̀mẹrin, á ká a, á fi ìda oyin dí i.

Lọ́jọ́ náà ó yẹ bátìrì wò. Ó dára. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó nu gbogbo inú rẹ̀, ó dè é padà. Gílóòbù tàn, wọ́n kú.

Nílé, Euphrasie ìyàwó rẹ̀ ń kó iṣu sísè sínú apẹ̀rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ gbàdúrà fún Désiré ní Arigbo, ibi àdúrà Màríà Mímọ́.

“Ẹ̀rọ yín ńkọ́?”

“Ó ṣì ń sùn.”

“Ẹ jẹ́ kó sùn.”

“Ìyá Désiré, nítorí ọmọ rẹ ni mo ṣe ń ṣe é.”

Ó bo iṣu inú apẹ̀rẹ̀. “Ẹnu yín ì bá ní ìlẹ̀kùn ni,” ló wí, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ rù.

“Iṣu mélòó ni Màríà Mímọ́ ń jẹ lọ́sẹ̀?”

“Àwọn aláìní ni mo ń fún.”

Lọ́jọ́rú, Cyprien fi ìka tọ ìwé ẹ̀rọ náà títí ó fi kàn án ní ojú ewé tó kẹ́yìn: bí ohun mìíràn bá ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí wáyà kan, ẹ̀rọ yìí kò ní ṣiṣẹ́. Ó tú wáyà abúlé Lèma kúrò. Gbogbo gílóòbù ṣì kú. Ó dá a padà, ó tú ti Kpingni. Gílóòbù yòókù kò kú mọ́.

“Kpingni náà ni!” ni Nicolas wí. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ológun ti gun òkè ibẹ̀ láti wá àwọn tó sá pamọ́. Eérú gbígbóná nìkan ni wọ́n ń bá. Ibẹ̀ kì í fún èèyàn ní nǹkan kan.”

Lọ́jọ́bọ̀, Cyprien rìn láti òpó dé òpó ní ọ̀nà Kpingni. Lórí ìkẹtàdínlógún ó rí wáyà tínínrín kan tí wọ́n so mọ́ ti Kpingni, tó gba ara òpó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú igbó. Wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n ká a, wọ́n fi ìda oyin dí i. Ó rántí wáyà tí òun fà fún àwọn àlùfáà lọ́dún kan, ó rò pé òun ló gbàgbé eléyìí síbẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín pé òun ti ń darúgbó. Ìda náà ṣì rọ̀, ó ń ta sánsán oyin. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Ó gé wáyà náà.

Lọ́sàn-án, gbogbo gílóòbù tàn, wọn kò kú mọ́. Ìpè àkọ́kọ́ ni ti ọ̀gá àwọn ológun, tó ń sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní Kpingni pé kí wọ́n gun òkè ní aago mẹ́rin.

“Ẹ gbọ́ bí ohùn ṣe mọ́!” Nicolas bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. “Bàbá Désiré, mo ti jẹ yín ní gbèsè ìbéèrè kan. Ọ̀la ni mo máa bi wọ́n.”

Cyprien sáré lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ti ṣiṣẹ́.

“Kí lẹ ṣe fún un tó fi ṣiṣẹ́?” ni Euphrasie bi í.

“Wáyà kan ni, tí èmi fúnra mi gbàgbé sórí òpó ní ọ̀nà Kpingni. Mo ti gé e.”

Euphrasie fi abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀ nínú omi. Lẹ́yìn náà ó jáde láìwọ bàtà, kò mú apẹ̀rẹ̀.

“Arigbo náà tún ni?” ni Cyprien ké tẹ̀lé e. “Ọ̀nà Kpingni lo yà sí yẹn!”

Ní ọjọ́ Ẹtì, Nicolas ka ìwé ohun tí àwọn ológun bá nínú ihò àpáta Kpingni fún Cyprien: aṣọ ìbora kan, apẹ̀rẹ̀ Euphrasie méjì, ohun ìgbọ́rọ̀ tẹlifóònù kan pẹ̀lú wáyà tí wọ́n gé, ìda oyin tí eyín ti jẹ, àti òkú Désiré, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí kò gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀.