Agolo Kọfí Láti Ojú Òkun

Mo ti gbé omi kaná. Inú mi ń dùn.

Adégbénró ará Ìsẹ́yìn ló dé sí Ṣakí láàárọ̀ yìí. Òun àti ọkọ mi, Ládòkun, ni wọ́n jọ ń po kọfí fún àwọn òyìnbó nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ọkọ mi ti kọ̀wé pé tóun bá délé ní Kérésì yìí, òun ò ní padà sójú omi mọ́. Ó ní òun á mú kọfí gidi bọ̀.

Agolo kọfí náà rèé lórí itan Adégbénró. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú.

"Ládòkun wá yà síbo?"

"Ìyá Mọ́ládé, ẹ jẹ́ ká dúró de bàbá ọkọ yín."

"Bàbá ò mu kọfí rí láyé wọn. Ẹ gbé e wá, omi ti ń hó."

"Àwọn ni mo gbọ́dọ̀ gbé e lé lọ́wọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ọkùnrin! Ẹ fẹ́ fi kọfí ọkọ mi pamọ́ fún mi?"

Mo já a gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i!"

Mo ti ṣí i.

Kò sí kọfí níbẹ̀. Irun orí ni, àti èékánná, nínú aṣọ funfun.

"Inú òkun ni wọ́n sin ín sí," Adégbénró ní. "Mo sáré gé díẹ̀, kí ẹ lè rí nǹkan sin nílé."