Adìẹ Tó Dìde Lórí Ẹyin

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sórí ìtẹ́ Adìẹ aláìnísinmi, tó máa ń dìde lórí ẹyin lọ wo ariwo. Lọ́jọ́ kan, kò padà. Pẹ́pẹ́yẹ bá ẹyin tó ń tutù, ó sàba lé e, ó ń kọrin:

Ẹyin ń tutù o—
*Jókòó lé e.*

Nígbà tí ẹyin pa, Adìẹ sáré dé. “Èmi ni mo yé wọn.”

“Pè wọ́n wò,” ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

Adìẹ pè títí ohùn rẹ̀ fi há. Pẹ́pẹ́yẹ dá orin tí wọ́n ti gbọ́ nínú ẹyin, gbogbo wọn rọ́ tẹ̀ lé e.

Títí dòní, bí Adìẹ bá yé, á pariwo pe ẹlẹ́rìí. A ti gbọ́ pé ó yé. Ta ló rí i níbi tó ti sàba?