Atẹ̀wé Tí Kì Í Wo Ọwọ́ Ẹnìkejì

Ìwàǹwára ló ba ọ̀rẹ́ mi atẹ̀wé jẹ́. Kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ parí tó fi máa ń ní, "Mo ti mọ̀." Ìyẹn náà la wá sọ ọ́ lórúkọ.

Nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀bù Bàbá Káfíńtà la ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò ọba àti ọmọ ogun orí pátákó, nírọ̀lẹ́, tí èérún igi á máa rọ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Àárò ìgbà náà ń sọ mí títí dòní. Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ àwọn ọmọ ayò náà: ọba, ayaba, ẹṣin, bíṣọ́ọ̀bù àti ọmọ ogun. Òun ló kọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ohun kan ṣoṣo tó sì ń wù ú ni kó rí ife ìdíje lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa kí ojú náà tó fọ́. Mo-Ti-Mọ̀ ló mọ̀ ọ́n ta jù, òun la rán lọ.

Bákan náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀: á ti ọmọ ogun iwájú ayaba síwájú ní ilé méjì, á wá gbé ìyókù bó ṣe há a sórí.

"Ọmọ mi, máa wo ọwọ́ ẹnìkejì," Bàbá kìlọ̀.

"Bàbá, mo ti mọ̀."

Lọ́jọ́ àṣekágbá, ìyá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó níwájú rẹ̀. Atẹ̀wé ń gbé tirẹ̀ wàràwàrà, ó ń ṣẹ́jú sí àwa òǹwòran. Ìyá náà rọra gbé bíṣọ́ọ̀bù síbi tẹ́nikẹ́ni ò retí. Mo-Ti-Mọ̀ ò wolẹ̀ tó fi gbá ẹṣin rẹ̀ mú. Ẹṣin yẹn gan-an ló dínà mọ́ bíṣọ́ọ̀bù náà kó má baà pa ayaba rẹ̀. Ìgbà tó rí ewu náà, ó yáa ju ẹṣin náà sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọwọ́ mi ló ṣèèṣì."

Adájọ́ mi orí. "Èyí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn lẹ máa gbé, ọ̀gá."

Ó gbé ẹṣin náà kúrò, ayaba rẹ̀ sì lọ. Kò pẹ́ tí ọba rẹ̀ náà fi há, ìyá náà sì borí.

Bàbá, tí kò lè rí pátákó látẹ̀yìn, bi í pé, "Kí ni ìyá yẹn gbé?"

"Bàbá, mi ò wò ó."

"Ìwọ tó o lójú?"

Kí ọdún tó yí po, Bàbá ò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Ọdún kẹta ni atẹ̀wé tó gba ife, ó sì gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá fi àtàńpàkò wá orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára.

"Kà á fún mi."

Ẹkún ò jẹ́ kó lè kà á.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: kéèyàn mọ ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ò tó, ẹ máa wo ohun tí ẹnìkejì ṣe kẹ́ ẹ tó nawọ́. Ọ̀rẹ́ mi padà kọ́ sùúrù, ó sì gba ife, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rí i kò rí i.